Gbólóhùn kání: Kí ló dé tí ‘if’ fi ń da lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì rú mọ́ ọmọ Yorùbá Bouaké lọ́wọ́?

Bí ẹ bá wọ ọjà Bouaké láàárọ̀, kò ní pẹ́ tí ẹ fi máa gbọ́ èdè Dioula, Baoulé àti Faransé. Bí ẹ bá dúró díẹ̀ sí i, ẹ ó gbọ́ Yorùbá. Ìlú yìí, tó tó nǹkan bíi 350 kìlómítà sí Abidjan lápá àríwá, ti pẹ́ tó ti ń gba àwọn oníṣòwò láti Èjìgbò, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà àti Ọ̀fà lálejò. “Anago” ni àwọn ará Côte d’Ivoire ń pè wọ́n. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ń sọ Yorùbá nílé, Faransé nílé ìwé, Dioula lọ́jà.

Gẹ̀ẹ́sì ni kò sí nínú rẹ̀. Àmọ́ ọjọ́ kan máa ń dé tí Gẹ̀ẹ́sì á di dandan, ìwé ni ó sì sábà máa ń bá wá. Ó lè jẹ́ lẹ́tà sí ẹni tó ń kó ọjà ránṣẹ́ láti Èkó tàbí Kumasi. Ó lè jẹ́ ìwé tí ọmọ fẹ́ fi wá àyè sí yunifásítì ní Ghana tàbí Nàìjíríà, níbi tí wọ́n ti máa ń béèrè bí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣe rí kí wọ́n tó béèrè ohunkóhun mìíràn. Láti ọdún 1979 ni àdéhùn ECOWAS ti fún ọmọ ẹgbẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti kọjá ẹnubodè láìgba físà. Èèyàn lè kọjá báyìí. Ìwé tó gbé lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ yé ẹni tó máa kà á lódì kejì.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni àsọyé yìí dá lé, ìyẹn “if”, àti oríṣi gbólóhùn tí àwọn olùkọ́ Yorùbá ń pè ní gbólóhùn kání. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò ni pé ọmọ Yorùbá kò ní irú ìyàtọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe nínú gbólóhùn yìí, pé àfi kó há tábìlì sórí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ náà wà lẹ́nu wa láti kékeré. Wàhálà ibẹ̀ ni pé a máa ń da ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ sí Gẹ̀ẹ́sì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, dípò ká kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí a sọ.

‘If I would have known’

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gbé lẹ́tà lọ bá ẹ̀gbọ́n àdúgbò tó ti kàwé ní Nàìjíríà.

“Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo lẹ́tà yìí.”

Ẹ̀gbọ́n kà á, ó rí i níbẹ̀ pé: “If I would have known the closing date, I would have applied earlier.” Kò tíì fi bírò kàn án. Ó ní: “Kí lo fẹ́ sọ gan-an? Sọ ọ́ ní Yorùbá fún mi.”

“Bí mo bá mọ ọjọ́ tí wọ́n máa tì í ni, ǹ bá ti kọ̀wé ṣáájú.”

Ẹ wo gbólóhùn náà dáadáa. “Bá” wà ní apá kìíní, “bá” tún wà ní apá kejì. Nígbà tí ọ̀dọ́ yìí wá kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó wá ohun tó máa dúró fún “bá” kọ̀ọ̀kan, ó sì fi “would” síbi méjèèjì. Kò hùwà òmùgọ̀. Ó tẹ̀lé èdè rẹ̀ ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àmọ́ “bá” méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Ti àkọ́kọ́ ń bá “bí” ṣiṣẹ́, òun ló ń gbé ipò kalẹ̀. Ti ẹ̀ẹ̀kejì, èyí tó wà nínú “ǹ bá”, “ò bá”, “ì bá”, “à bá”, ló ń sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Èyí ẹ̀ẹ̀kejì nìkan ni “would”.

Nínú Gẹ̀ẹ́sì tó bójú mu, apá tí “if” wà kì í gba “would” yẹn. Ohun tó ń gbà ni kí ọ̀rọ̀-ìṣe fà sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ kan. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ìsinsìnyí, ọ̀rọ̀-ìṣe á wọ aṣọ àná: “If I had the money, I would pay.” Owó tí kò sí lọ́wọ́ lónìí ni gbólóhùn yẹn ń sọ, “had” kò sọ pé owó wà lánàá. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti àná, á tún fà sẹ́yìn sí i: “If I had known, I would have applied.”

Báwo ni èèyàn ṣe máa mọ èyí tó kàn? Yorùbá ní ìdánwò kan tí kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ yọ “bí” kúrò, kí ẹ fi “ká ní” sí ipò rẹ̀. Bí gbólóhùn náà bá ṣì dún dáadáa, ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ là ń sọ, “would” sì máa wà ní apá kejì. “Ká ní mo lówó, ǹ bá san án.” Ó dún. Ó tọ́ láti kọ “If I had money, I would pay.” Àmọ́ bí ẹnìkan bá ní, “Bí mo bá rí owó lọ́la, màá san án,” ẹ gbìyànjú láti fi “ká ní” síbẹ̀, ẹ ó rí i pé kò bá “màá” mu. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ilẹ̀kùn ṣì ṣí sílẹ̀, owó ṣì lè dé. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ á jẹ́ “If I get the money tomorrow, I will pay.”

Ọ̀rọ̀ kékeré mìíràn tó ń ràn wá lọ́wọ́ ni “ti”. “Ǹ bá san án” kò dọ́gba pẹ̀lú “ǹ bá ti san án”. Ti àkọ́kọ́ ni “I would pay”, ti ẹ̀ẹ̀kejì ni “I would have paid”. Ẹni tó bá gbọ́ “ti” yẹn nínú ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kò nílò tábìlì kankan.

Bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká rántí “àbámọ̀”, èyí tí àwọn àgbà ní òun ló ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ẹ tú u wò: à bá mọ̀. Gbólóhùn kání odidi kan ni wọ́n ká pọ̀ di ọ̀rọ̀-orúkọ, apá “if” rẹ̀ ni wọn ò wulẹ̀ pè mọ́. Èdè tó bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣàìní ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ní.

Faransé ń ranni lọ́wọ́, ó tún ń fa wàhálà

Ọmọ Bouaké ní àǹfààní kan tí ọmọ Èkó kò ní. Láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni olùkọ́ Faransé ti ń kì í nílọ̀ pé “si” kò fẹ́ràn “-rais”. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò gbọdọ̀ sọ “si j’aurais su”. “Si j’avais su” ló tọ́. Òfin kan náà gan-an ni ti Gẹ̀ẹ́sì. Ibi tí Faransé ti ń lo “avais”, Gẹ̀ẹ́sì ń lo “had”, ibi tí Faransé ti ń lo “aurais”, Gẹ̀ẹ́sì ń lo “would have”. Ọ̀dọ́ tí kò jẹ́ kọ “si j’aurais” nínú ìdánwò Faransé kò yẹ kó kọ “if I would have” rárá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé, nígbà tó dé orí Gẹ̀ẹ́sì, kò rò pé ohun tó kọ́ ní kíláàsì Faransé wúlò níbẹ̀. Ó wúlò gan-an.

Àmọ́ Faransé kan náà dẹ pańpẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn “quand”, Faransé máa ń lo ọjọ́ iwájú: “quand la marchandise arrivera”. Nítorí náà ni lẹ́tà láti Bouaké fi máa ń kún fún “when the goods will arrive”. Gẹ̀ẹ́sì kò gba “will” níbẹ̀. Bó jẹ́ “if” ni o, bó jẹ́ “when” ni o, ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀lé e máa ń wà ní ti ìsinsìnyí bí ọ̀rọ̀ tilẹ̀ jẹ́ ti ọ̀la: “when the goods arrive, we will pay”.

Pańpẹ́ kejì burú ju ìyẹn lọ, nítorí ẹni tó bá kó sí i kì í mọ̀. Bí ìwé Faransé bá sọ pé oníbàárà máa san owó kan “éventuellement”, ó túmọ̀ sí pé ó lè san án bí ọ̀rọ̀ bá gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kání ni. “Eventually” ní Gẹ̀ẹ́sì jọ ọ́ bí ìbejì, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ ni pé, bó pẹ́ bó yá, yóò san án. Ẹni tó bá kọ “we will eventually pay for storage” nítorí pé “éventuellement” ló wà lọ́kàn rẹ̀ ti fọwọ́ ara rẹ̀ jẹ gbèsè. Ohun tó yẹ kó kọ ni “we will pay for storage if necessary”.

Bí ọkọ̀ bá dé, àbí nígbà tó bá dé?

Ibi tí Yorùbá fúnra rẹ̀ kò ti ràn wá lọ́wọ́ ló kàn báyìí, ó sì yẹ ká sọ ọ́ láìfi bò. “Tí ọkọ̀ bá dé, màá sanwó.” Ṣé ó dájú pé ọkọ̀ yóò dé, tàbí kò dájú? Gbólóhùn yẹn kò sọ. Lẹ́nu ọ̀rọ̀, ohùn àti ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á tán an. Ìwé kò ní ojú.

Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi ipá mú èèyàn yan ọ̀kan. “When the goods arrive” ń sọ pé wọ́n ń bọ̀, ọjọ́ nìkan là ń retí. “If the goods arrive” ń sọ pé wọ́n lè má dé. Nínú lẹ́tà sí ọ̀rẹ́, èyíkéyìí lè kọjá. Nínú ìwé àdéhùn owó, ọ̀rọ̀ kan yìí ló máa ń fa àríyànjiyàn nípa ẹni tí àdánù kàn bí ọkọ̀ bá dojú dé lójú ọ̀nà. Ẹni tó kọ “when” lè gbọ́ lẹ́nu agbẹjọ́rò òdì kejì pé gbèsè ti wà lọ́rùn òun tẹ́lẹ̀, pé ọjọ́ ìsanwó nìkan ni wọ́n ń dúró dè. Ẹni tó kọ “if” lè sọ pé dídé ọjà gan-an ni òun fi san owó sí. Ilé ẹjọ́ á wo ìyókù ìwé kó tó dájọ́, ṣùgbọ́n kò sí ìdí tó fi yẹ kí oníṣòwò gbé irú iyèméjì bẹ́ẹ̀ dé iwájú adájọ́.

“Bí” tún ní ojú mìíràn. “Ẹ jẹ́ kí n mọ̀ bí ẹ bá ń bọ̀” lè jẹ́ ìbéèrè, ó sì lè túmọ̀ sí pé kí ẹ sọ̀rọ̀ kìkì bí ẹ bá fẹ́ wá. Gẹ̀ẹ́sì ẹnu náà ní àìsàn yìí. Nínú ìwé ìjọba tàbí ti iléeṣẹ́, “whether” ló ń wo ìbéèrè sàn: “Please confirm whether the goods have arrived.”

Bouaké mọ ohun tí ‘bí’ lè dá sílẹ̀

Bóyá ẹnìkan á ní ọ̀rọ̀ gírámà ni gbogbo èyí. Ará Bouaké tó ti dàgbà kò ní sọ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, ìlú yìí di olú-ibùdó àwọn ọlọ̀tẹ̀ tí wọ́n wá ń jẹ́ Forces Nouvelles. Ní ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 2004, àwọn olórí fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Accra, èyí tí wọ́n ń pè ní Accra III. Ó fún ìjọba ní àsìkò láti ṣe àwọn òfin tuntun, títí kan ọ̀rọ̀ abala 35 ìwé òfin ilẹ̀ náà lórí ẹni tó lè du ipò ààrẹ. Ó sì dá ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá fún ìbẹ̀rẹ̀ ìdáwọ́jọ ohun ìjà.

Ọjọ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n apá kọ̀ọ̀kan gbé “bí” tirẹ̀ lé e. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ ní bí òfin kò bá jáde, ìbọn kò ní kúrò lọ́wọ́ àwọn. Àwọn ti ìjọba Laurent Gbagbo ní bí ìbọn kò bá kúrò nílẹ̀, kò sí bí àwọn ṣe lè ṣe ìdìbò gbogboogbò lórí abala 35 ní orílẹ̀-èdè tó pín sí méjì. Apá kìíní ti gbólóhùn ẹni kan ni apá kejì ti gbólóhùn ẹnì kejì. Ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá dé, kò sí ìbọn tó kúrò nílẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá, ọkọ̀ òfurufú ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ǹbù sí Bouaké. Lọ́jọ́ 6, wọ́n kọlu ibùdó àwọn ọmọ ogun Faransé ní ilé ìwé Lycée Descartes, ọmọ ogun Faransé mẹ́sàn-án àti ọmọ Amẹ́ríkà kan sì kú.

Gírámà kọ́ ló dá ogun yẹn sílẹ̀, ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ń fi ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ṣeré. Ṣùgbọ́n ìlú yìí mọ̀ pé ó léwu kí ìwé dákẹ́ lórí ohun tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ kí òmíràn tó tẹ̀lé e. Ẹni tó ń kọ àdéhùn ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo lè rí i pé kò ṣẹlẹ̀ sí òun.

Aṣọ tí ‘if’ máa ń wọ̀ lọ sí ọ́fíìsì

Nínú ìwé tó lé kókó, “if” lè pòórá pátápátá, èyí sì máa ń ya akàwé tuntun lẹ́nu. “Should you require further documents, please contact us.” Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á rò pé ìbéèrè ni, tàbí pé “should” ń sọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. “Bí ẹ bá fẹ́ ìwé mìíràn” ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni “Had I known” ṣe dúró fún “If I had known”, tí “Were the bank to refuse” sì dúró fún “If the bank were to refuse”. Mẹ́ta yìí náà ni. Kò pọn dandan kéèyàn máa kọ wọ́n, “if” kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú. Ṣùgbọ́n ó pọn dandan kó dá wọn mọ̀, nítorí lẹ́tà báǹkì àti ti yunifásítì kún fún wọn.

“If I were” náà ń da àwọn èèyàn láàmú: kí ló dé tí kì í ṣe “was”? Lẹ́nu, “was” pọ̀. Nínú ìwé tó lé kókó, “were” ni kí ẹ kọ, ẹnikẹ́ni kò ní bá yín wí.

“Unless” ti gbé “kò” sínú tẹ́lẹ̀. Ẹni tó kọ “unless you do not pay” ti kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti sọ òdìkejì ohun tó fẹ́ sọ. “In case” sì ń tan ọmọ Faransé jẹ nítorí “au cas où”. Kéèyàn kó agboòrùn dání “in case it rains” túmọ̀ sí pé kó kó o dání báyìí, bí òjò bá máa rọ̀ o, bí kò bá ní rọ̀ o. “If it rains” ń sọ pé ó dìgbà tí òjò bá dé.

Ó ku ibì kan tí “would” ti lè jókòó ti “if” láìsí ẹ̀bi, ó sì wúlò jù nínú lẹ́tà ìbéèrè: “I would be grateful if you would send me the form.” “Would” ti ẹ̀ẹ̀kejì yẹn kò sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Ìwà pẹ̀lẹ́ ni, bí ìgbà téèyàn bá ní “bó bá wù yín”. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni láti da òun àti “will” pọ̀: “I would be grateful if my application will be considered.” Kí ẹni náà kọ “I would be grateful if my application were considered”, tàbí kó mú èyí tí àwọn olùkọ́ Nàìjíríà ti ń kọ́ni látọjọ́ pípẹ́: “I shall be grateful if my application is considered.” Méjèèjì ló dára, kó má ṣáà gé orí ọ̀kan lé ọrùn èkejì.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ oníṣòwò tó kọ “when the goods will arrive, we will eventually pay”. Bí ẹ̀gbọ́n àdúgbò bá jókòó tì í, tó bi í ní Yorùbá ohun tó fẹ́ gan-an, bóyá ohun tí wọ́n máa kọ nìyí: “If the goods reach Bouaké in good condition by 15 March, we will pay the balance within seven days.” Ọ̀pọ̀ á fọwọ́ sí i níbẹ̀, wọ́n á ká bébà. Ẹ̀gbọ́n tó mọṣẹ́ kò ní jẹ́ kó ká a. Yóò bi í pé, “Tí wọn ò bá wá dé ńkọ́?” Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kọ gbólóhùn kejì, èyí tí àwọn èèyàn sábà máa ń gbàgbé: “If they do not, you will return our deposit by 31 March.”